Ọgbà Ìgbafẹ́ Àdúgbò Kì Í Ṣe Ilẹ̀ Tí Kò Ní Olúwa: Ohun Tí Kẹ̀kẹ́ Ológeere Fi Hàn Wá Ní Bódìjà

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àdúgbò kan ti rí ní tòótọ́ kò gbọdọ̀ gbé ìmọ̀ rẹ̀ lé ìròyìn tí ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́, tàbí ohun tí ó rí fìrí láti inú ọkọ̀ tí ń sáré kọjá. Ọkọ̀ a máa fi ìlú hàn wá bí ẹni tí ń ṣí ojú ewé ìwé ní wéréwéré tí kò ka ìlà kan níbẹ̀. Ẹsẹ̀, ní tirẹ̀, a máa rẹ ẹni kí a tó ka ojú ewé kìíní tán. Láàárín méjèèjì ni kẹ̀kẹ́ ológeere wà. Ó yá ju ẹsẹ̀ lọ, kò sì yá tó ọkọ̀. Ẹni tí ó gùn ún ń rí, ó ń gbọ́, ó ń gbóòórùn, ó sì lè dúró níbikíbi tí ó bá wù ú láìdí ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni a ṣe yan kẹ̀kẹ́ nígbà tí a fẹ́ wádìí ohun kan tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn: níbo ni àwọn ará àdúgbò, àti ọmọdé àti àgbà, ti lè rí ilẹ̀ gbalasa tí ó ní ibòji igi, tí wọn lè jókòó sí tàbí kí wọn sáré lórí rẹ̀, láìsan kọ́bọ̀?

Ìbàdàn ni a ti ṣe ìwádìí náà, ní Bódìjà àti agbègbè rẹ̀ ní ìhà àríwá ìlú. A kò ṣèèṣì yàn án. Bódìjà kì í ṣe àdúgbò tí ó kàn hù bí olú. Ní ọdún 1958 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá àjọ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Housing títí di òní. Ní ọdún 1959 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bódìjà, àkọ́bí gbogbo àdúgbò tí ó tẹ̀dó. Ọdún kan náà ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìíní 1955. Òtítọ́ ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọ̀mọ̀wé ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ rí ààyè gbé ní Bódìjà. Àgbẹ̀ àti alágbàṣe kò sí lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú iṣẹ́ náà tí ó kan gbogbo wa, olówó àti tálákà. Ẹ̀kọ́ náà ni pé a lè ro àdúgbò kí a tó kọ́ ọ. A lè la títì kí ilé tó dé. A lè sọ pé ibí ni ilé yóò wà, ibí ni ilé-ẹ̀kọ́, ibí ni ọjà, ibí ni a kì yóò sì kọ́ nǹkan kan sí.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó ṣòro jù fún wa láti lóye. Ilẹ̀ tí a kò kọ́ nǹkan kan sí, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ilẹ̀ tí kò ní olúwa ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò rò bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò sọ pé ojúde ọba kò ní olúwa? Ta ni ó jẹ́ gé igi abẹ́ èyí tí àwọn àgbààgbà ti ń parí ẹjọ́, kí ó sì fi ibẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù? Gbàgede ni àwọn ọmọdé ti ń ṣe eré òṣùpá, ibẹ̀ náà ni a ti ń ṣe ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 2005, tó hẹ́kítà márùn-dín-lọ́gọ́rin, ìlú ńlá sì ti yí i ká báyìí. Ó ṣẹ́ kù nítorí pé àwọn ènìyàn gbà pé ó ní olúwa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé ọgbà ìgbafẹ́ jẹ́ àṣà òyìnbó. Orúkọ ni ó jẹ́ tuntun. Ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ti wà láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa kẹ̀kẹ́ náà pẹ̀lú, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa jẹ́ olùkọ́, ilé olùkọ́ ni kẹ̀kẹ́ ológeere sì ti jẹ́ ọmọ ilé ní ayé àtijọ́. Àwọn tí ó fún un ní orúkọ mọ ohun tí wọ́n ń wí: ohun tí ń lọ geere, tí kì í pariwo, tí kì í sì í tu èéfín. Orí rẹ̀ ni tíṣà ti ń bọ̀ láti abúlé dé abúlé, tí àpò ìwé wà lẹ́yìn, tí fìlà sì wà ní orí. Orí rẹ̀ ni àjíyìnrere àti olùtọ́jú aláìsàn ń gbà dé ibi tí mọ́tò kò lè dé. Nígbà tí alùpùpù dé, tí ọ̀kadà sì tẹ̀lé e, a kó kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, a sì ń wo ẹni tí ó bá ṣì ń gùn ún bí ẹni tí ayé kò fojú ire wò. Àṣìṣe ni. Ní ọdún 2018 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ kẹta Oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere ní gbogbo ayé. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ní ọkọ̀ jù wá lọ ni ó ń padà sí orí kẹ̀kẹ́.

Yunifásítì Ìbàdàn ni a ti gbéra ní òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí ìrì kò tíì kúrò lórí koríko. Kò sí ibi tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi kọ́ ojú ní ohun tí ọgbà jẹ́. Láti ọdún 1948 tí a ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà sílẹ̀ ni a ti ń gbin igi síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti fún ìtura. Ní àkókò kan náà ni a kó ẹranko díẹ̀ jọ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé. Nígbà tí ó di 1974, àkójọ kékeré náà ti di ọgbà ẹranko tí gbogbo ará ìlú ń wá wò. Lábẹ́ àwọn igi ńláńlá inú ọgbà yunifásítì, ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ yóò mọ̀ lára pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yàtọ̀. Bí a ti jáde sí títì ní iwájú géètì ni ooru bọ́ lù wá bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn ààrò. A kò wọn ooru náà, ṣùgbọ́n ara wa wọ̀n ọ́n. Ewé igi ń dí oòrùn, omi tí ó ń ti ara ewé jáde sì ń mú afẹ́fẹ́ tutù; ọ̀dà dúdú orí títì àti páànù orí ilé, ní tiwọn, ń gba ooru mọ́ra, wọn a sì máa dá a padà fún wa títí di alẹ́.

Láti ibẹ̀ a gba iwájú ọjà Bódìjà kọjá. Ibi ìṣòro nìyí fún ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́. Àwọn Micra ń já sọ́tùn-ún sósì, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń dúró lójijì, àwọn tí ń ru àpò ẹ̀wà àti àwọn tí ń fa pákó ń gba àárín ọ̀nà. Kò sí ojú ọ̀nà kan tí a yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. A sọ̀kalẹ̀, a sì fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ wa kọjá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀: ẹ̀mí ni a fi ń ṣe ohun gbogbo.

Nígbà tí a yà wọ inú àdúgbò gan-an, ohùn mọ́tò rọlẹ̀. Ní àwọn ojú ọ̀nà kéékèèké inú Bódìjà Àtijọ́, a ṣì rí àmì èrò àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ilé jìnnà sí títì. Ọgbà òdòdó wà níwájú rẹ̀. Igi máńgòrò àti dóńgóyárò na ọwọ́ kọjá orí fẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ní àwọn títì ńlá bí Awolowo Avenue àti Osuntokun Avenue, ìtàn yí padà. Ilé tí a kọ́ kí ìdílé lè máa gbé inú rẹ̀ ti di báńkì, ilé oúnjẹ, ilé ìtajà aṣọ àti ilé ìwòsàn aládàáni. Ibi tí òdòdó wà ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí tí a fi sìmẹ́ńtì tẹ́. A kò bá oníṣòwò jà. Ìlú tí kò bá sí òwò nínú rẹ̀, ebi ni yóò pa á. Ohun tí a ń wí ni pé ẹnikẹ́ni kò jókòó bi ara rẹ̀ pé, bí gbogbo iwájú ilé bá di sìmẹ́ńtì, níbo ni omi òjò yóò gbà, níbo sì ni ọmọdé yóò gbà?

A ń wá àwọn àyè kéékèèké tí ó wà láàárín ilé kiri, a sì rí oríṣi mẹ́ta. Oríṣi kìíní ni èyí tí ó wà láàyè. Ó lè jẹ́ ìdajì éékà péré, tí ó ní igi mẹ́rin, ìjókòó onísìmẹ́ńtì méjì, àti góòlù méjì tí àwọn ọmọ fi òkúta ṣe. Ní irú ibẹ̀ ni a ti bá àwọn ọmọkùnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọbìnrin tí ń ta tẹ́ǹtẹ́n, àti bàbá arúgbó kan tí ó mú ìjókòó ti ara rẹ̀ wá láti ilé. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń tọ́jú irú ibẹ̀. Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ni ó ń ro ó. Oríṣi kejì ni èyí tí ń kú lọ. Igbó ti bò ó, ìdọ̀tí kún inú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ wa kí a tó rí i. Oríṣi kẹta ni èyí tí ó ti kú. Àwọn àgbà tí ó ti pẹ́ ní àdúgbò ni ó nawọ́ sí i fún wa: níbí ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣeré rí. Ilé alájà méjì àti géètì onírin ni a rí níbẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ṣàkíyèsí bí ọ̀kan ti ń di èkejì. Kò sí ẹni tí ó dìde lọ́jọ́ kan tí ó sì ta àyè tí ó kún fún ọmọdé àti fún igi. Bí ó bá dán an wò, gbogbo àdúgbò yóò dìde. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé a kọ́kọ́ pa ibẹ̀ tì. Koríko ga, ọmọdé sá kúrò. Ọmọdé sá kúrò, ẹnìkan da ìdọ̀tí síbẹ̀ lóru. Ìdọ̀tí pọ̀, àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù ibẹ̀, wọ́n sì ń sọ pé ibi ìsápamọ́ àwọn ọmọ ìta ni. Nígbà náà ni ẹnìkan yóò yọjú pẹ̀lú ìwé ilẹ̀, tí àwọn ará àdúgbò yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó bá wọn lé ejò lọ. Àìnáání ni alágbàtà tí ń ta ilẹ̀ gbogbo ènìyàn.

Ní ìhà Bódìjà yìí kan náà ni ọgbà ìṣeré kan wà tí àwọn ará Ìbàdàn mọ̀ sí Trans, tí a kó ẹ̀rọ ìṣeré ńláńlá sí. Ọmọbìnrin òǹkọ̀wé nì, Noo Saro-Wiwa, fi orúkọ ibẹ̀ sọ ìwé ìrìn-àjò tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2012, ó sì ròyìn bí ìpẹtà ti mú àwọn ẹ̀rọ náà. A kò mẹ́nu ba èyí láti fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí a rà láti òkè òkun ń fẹ́ iná mànàmáná, ó ń fẹ́ òróró, ó ń fẹ́ ẹ̀yà ara tuntun lọ́dọọdún. Igi kò fẹ́ ju omi àti ọdún mélòó kan ìtọ́jú lọ, lẹ́yìn náà ni yóò máa tọ́jú ẹni tí ó gbìn ín. Bí owó kò bá tó nǹkan, igi, koríko tí a gé àti ìjókòó ni kí a kọ́kọ́ ní.

Lẹ́yìn èyí ni a dojú kọ ìhà Sẹkitéríàtì, a sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọgbà Agodi. Ọdún 1967 ni a ṣí ọgbà yìí gẹ́gẹ́ bí ọgbà igi àti ti ẹranko. Ó fẹ̀ tó éékà àádọ́jọ, adágún omi sì wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹjọ 1980, òjò ńlá rọ̀ ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó ba ọgbà náà jẹ́, ó sì wọ àárín ìlú lọ, ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí. Àwọn tí ó ti dàgbà nígbà náà kò jẹ́ gbàgbé. Ọgbà náà wà ní ipò ìdibàjẹ́ fún ìgbà pípẹ́, títí ìjọba Abíọ́lá Ajímọ̀bi fi bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ní 2012, tí a sì tún un ṣí ní 2014. Ó dùn mọ́ wa láti rí àwọn ìdílé tí wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, àti àwọn ọmọ tí wọ́n wà létí adágún. Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń wọlé síbẹ̀, kò sì sún mọ́ gbogbo ènìyàn. Ìyá tí ó ní ọmọ mẹ́rin yóò ka owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, yóò ka owó ìwọlé, yóò sì pinnu pé ó di ọdún Kérésìmesì tàbí ọdún Iléyá. Ọgbà ńlá kan fún ọjọ́ ọdún dára. Ọgbà kékeré ní ìkángun títì, fún ọjọ́ gbogbo, ni a kò gbọdọ̀ máa gbé lórí àìní rẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé lásán ni a ń sọ, kí ó padà ka ohun tí a kọ nípa Ògùnpa. Odò yìí ń gba ìhà Bódìjà àti Agodi bọ̀ kí ó tó wọ àárín ìlú. Gbogbo omi tí ilẹ̀ òkè kò bá mu, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni yóò lọ. Ilẹ̀ tí koríko àti gbòǹgbò igi wà nínú rẹ̀ a máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Sìmẹ́ńtì kì í mu omi rárá. Nítorí náà, nígbà tí ọlọ́rọ̀ bá tẹ́ sìmẹ́ńtì sí àgbàlá rẹ̀ ní Bódìjà, ẹni tí kò mọ̀ rí ní etí odò ni yóò fi yàrá rẹ̀ san án. Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí àwìn igba mílíọ̀nù dọ́là láti ran Ìbàdàn lọ́wọ́ nípa ọ̀ràn àkúnya omi. Gbèsè ni. Àwa àti àwọn ọmọ wa ni yóò san án. Ó yẹ kí a bi ara wa pé mélòó nínú iṣẹ́ tí a ń yá owó ṣe ni koríko ìbá ti bá wa ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn ìlú mìíràn ti dán an wò. Ní Curitiba ní ilẹ̀ Bràsíìlì, odò a máa ya wọ àdúgbò bí ti tiwa. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kò kọ́ ògiri nìkan dí odò. Ní ọdún 1972 wọ́n dá Ọgbà Barigui sílẹ̀ ní bèbè odò tí ń jẹ́ orúkọ kan náà. Wọ́n ṣe adágún síbẹ̀, wọ́n sì fi koríko àti igi yí i ká. Nígbà òjò, omi ní ibi tí yóò dúró sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọgbà náà jẹ́ ti ẹni tí ń sáré àti ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́. Ní Bogotá, olú-ìlú Colombia, láti ọdún 1974 ni a ti ń ti àwọn títì kan pa mọ́ ọkọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, tí àwọn títì náà sì ti ju ọgọ́fà kìlómítà lọ báyìí, kí àwọn ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn kí wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́. Àwọn ìlú wọ̀nyí kì í ṣe ìlú ọlọ́rọ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìrònú ni wọ́n ní.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ẹni tí kò tíì jẹun kò ní í ronú ọgbà ìgbafẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni, a kò sì fi ojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní àgbàlá ńlá nílé kò nílò ọgbà àdúgbò. Ẹni tí òun àti ọmọ márùn-ún ń sùn nínú yàrá kan ni ó nílò rẹ̀. Tálákà ni ọgbà àdúgbò wà fún ju ẹlòmíràn lọ. Àwọn mìíràn yóò ní ààbò ni ìṣòro, pé ilẹ̀ gbalasa ń kó àwọn ọmọ burúkú jọ. A dáhùn pé igbó ni ó ń kó wọn jọ. Ibi tí a gé koríko rẹ̀, tí iná wà, tí àgbà jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, kì í gba olè láàyè.

Ta wá ni iṣẹ́ yìí já lé lórí? Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, níbi tí a ti ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, a kọ ọ́ pé àwọn ni yóò máa ṣe tí wọn yóò sì máa tọ́jú ojú títì, iná ojú títì, ojú àgbàrá, ọgbà ìgbafẹ́, ọgbà òdòdó àti ilẹ̀ gbalasa. Nínú àkọsílẹ̀ kan náà, àwọn ni a fún ní àṣẹ láti máa fún kẹ̀kẹ́ ológeere ní ìwé àṣẹ. Ẹ wò ó bí ó ti rí: àti kẹ̀kẹ́ tí a gùn, àti títì tí a gbà, àti ọgbà tí a ń wá lọ, ọwọ́ ìjọba tí ó sún mọ́ wa jù lọ ni òfin fi gbogbo wọn sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ ti ń sọ pé owó wọn kì í dé ọwọ́ wọn. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ dá a lẹ́jọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà. Nítorí náà, ó yẹ kí àwáwí máa dín kù.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ni a yíjú sí nísinsìnyí, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà. Nígbà ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, ẹ máa ń kọrin, ẹ máa ń wọ aṣọ ẹgbẹ́, ẹ sì máa ń fi orúkọ àwọn olóyè búra. Mélòó nínú yín ni ó bi olùdíje fún ipò káńsẹ́lọ̀ pé àyè gbalasa mélòó ni ó wà ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, níbo ni àwòrán ilẹ̀ wọn wà, ta ni ó sì ń tọ́jú wọn? Ẹni tí kò lè dáhùn ìbéèrè yìí kò tíì mọ ibi tí ó fẹ́ ṣe aṣojú fún. Ìfẹ́ ẹgbẹ́ kò burú, ṣùgbọ́n igi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kankan, ibòji rẹ̀ kì í sì í bi ẹni tí ó jókòó sábẹ́ rẹ̀ léèrè ibi tí ó dìbò sí. Ohun tí a gbọ́dọ̀ béèrè kò pọ̀: kí a kọ gbogbo àyè gbalasa sílẹ̀ nínú ìwé tí ará ìlú lè rí kà, kí a ri àmì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ pé ti gbogbo ènìyàn ni, kí a má sì ṣe yí ọ̀kankan padà sí ohun mìíràn láìjẹ́ pé a pe àwọn ará àdúgbò jọ ní gbangba.

Ní ti ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín ni ó tóbi jù. Kò sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ó dára tó àdúgbò. Ẹ kó àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà jáde ní òwúrọ̀ kan. Kí wọ́n fi okùn wọn gígùn àti ìbú àyè kan, kí wọ́n sì ṣírò ìwọ̀n rẹ̀, ìṣirò nìyẹn. Kí wọ́n ka igi ibẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn ní Yorùbá, kí ọ̀rọ̀ bí ìrókò, ọdán, ahùn àti ìyeyè má baà parun lẹ́nu wọn, èdè nìyẹn. Kí wọ́n ya àwòrán ọ̀nà láti ilé-ẹ̀kọ́ dé ibẹ̀. Kí wọ́n bi àgbàlagbà mẹ́ta léèrè ohun tí ó wà níbẹ̀ rí, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, ìtàn nìyẹn. Àwọn ọmọ tí ó bá ní kẹ̀kẹ́, tí òbí wọn sì yọ̀ǹda, lè bá olùkọ́ jáde ní Sátidé kan. Kí wọ́n tọ ojú ọ̀nà inú àdúgbò, kí wọ́n yẹra fún títì ńlá. Kí wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí bíréèkì àti aago kẹ̀kẹ́ máa ṣiṣẹ́. Kí wọ́n sì ti padà kí oòrùn tó mú. Bí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn nìkan, ìwé àkọsílẹ̀ tí yóò ti ọwọ́ àwọn ọmọ wa jáde yóò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sẹ́. Ilẹ̀ tí ọmọdé ogójì ti wọ̀n, tí wọ́n mọ orúkọ igi rẹ̀, kì í rọrùn láti tà lóru.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn tí ó tẹ Bódìjà dó ní 1959 fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi títì sílẹ̀, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Ilé ṣì wà, títì ṣì wà. Àyè náà ni ó ń dín kù lójú wa, àwa sì ni ọmọ tí a kọ́ tàbí tí a kò kọ́. Kí olúkúlùkù gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìnkùlé, kí ó yí àdúgbò rẹ̀ ká ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ó sì ka iye àyè tí ó ṣẹ́ kù. Kí ó kọ iye náà sínú ìwé, kí ó sì mú un lọ bá káńsẹ́lọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni.